Ọkùnrin Tó Fi Etíkun Kọ́lé

Bí ẹ bá ní kí ará abúlé Lewowatan sọ irú èèyàn tí Gaspar Boli jẹ́ fún yín, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Kì í ṣe pé Gaspar gọ̀. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí pé ó na ìyàwó rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: dandan ni kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Òun ló kọ́kọ́ fi páànù bolé nígbà tí gbogbo wa ṣì ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí òjò bá dé, ariwo páànù yẹn kì í jẹ́ kí tọkọtaya gbọ́ ohùn ara wọn, Marselina ìyàwó rẹ̀ a sì máa sọ pé àsìkò ìsinmi òun nìyẹn. Òun náà ló kọ́kọ́ ra alùpùpù, ní erékùṣù tí kò tíì ní títì. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé etíkun ló ń gùn ún, yóò yí orí rẹ̀ padà, yóò tún gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn nínú wọn a sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Apẹja ni, gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Ilé rẹ̀ kọjú sí òkun, ṣùgbọ́n iyanrìn funfun tó wà láàrin ilé náà àti omi fẹ̀ débi pé bí Gaspar bá ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, tí oúnjẹ sì ti jinná, Marselina ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu kó tó kígbe pè é, àfi bí ẹni tó ń pe ará ìlú Larantuka ní òdìkejì òkun.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi funfun kan gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Orílẹ̀-èdè méjì kan lókè òkun ti bá ìjọba wa ní Jakarta, olú ìlú wa, dá àdéhùn pé àwọn yóò jọ fi owó àti ọgbọ́n sọ àwọn erékùṣù kéékèèké apá ọ̀dọ̀ wa di ibi ìgbafẹ́, abúlé wa sì wà nínú àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi àjàgbọn ńlá. Àwọn tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ni Ibu Widuri (Ibu ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa), obìnrin kúkúrú kan láti Jakarta tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ń sanwó ẹ̀rín fún un, àti Henrik, òyìnbó gíga kan tí ẹ̀ka àjàgbọn gbá lórí lẹ́ẹ̀mejì kó tó ríbi jókòó sí. Òyìnbó náà gbọ́ èdè wa díẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu.

Ibu Widuri dìde. Ó ní, "Èbúté tuntun ń bọ̀. Omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Àwọn àlejò yóò wá láti gbogbo ayé wá wo òkun yín. Ohun kan ṣoṣo la fi ń bẹ̀ yín: ẹ má ba ohun tí wọ́n fẹ́ wá wò jẹ́. Ó dáa, ta ni yóò kọ́kọ́..."

Gaspar ti nawọ́ sókè.

"Ama, bàbá, mi ò tíì béèrè nǹkan kan."

"Ẹ máa béèrè lọ, Ibu. Èmi ti gbà."

Yakobus Tupen tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn: "Ẹ fara balẹ̀ o! Lọ́jọ́ kan wọn á béèrè ẹni tí wọ́n máa gé lẹ́sẹ̀, ẹ máa rí i pé Gaspar á ti nà án síwájú!"

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Gaspar náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Bó ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ yàrá àlejò nìyẹn. Wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn lọ sí Larantuka, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń kí àlejò láì tẹjú mọ́ itan rẹ̀, àti bí yàrá náà ṣe gbọ́dọ̀ rí: ọparun ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, imọ̀ ni kí wọ́n fi bò ó, kó sì wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, kó jìnnà sómi. Gaspar mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó délé, ó tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ jáde.

"Ọparun! Ilé tí bàbá bàbá mi sá kúrò nínú ẹ̀ ni kí n wá fi gbàlejò? Kí èèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú láti òpin ayé, kó tún wá máa gbọ́ bí eku ṣe ń rìn lórí òrùlé?"

Marselina ní, "Bàbá Delfina, ó lè jẹ́ eku yẹn gan-an ni kò sí nílùú wọn."

"Ìwọ mọ̀ wọ́n ni?"

"Ìwọ náà ò kúkú mọ̀ wọ́n."

Búlọ́ọ̀kù ni Gaspar fi kọ́ ọ, iwájú àwọn igi àgbọn ló sì kọ́ ọ sí, kí àlejò lè máa fojú kan omi látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó ra sìmẹ́ńtì wá láti ìlú. Ti iyanrìn kò ṣòro: kí ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí iyanrìn yóò máa ra iyanrìn sí? Ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ìdí alùpùpù rẹ̀, ó sì ń kó o láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Alùpùpù tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ wá di ohun tí gbogbo wa ń yá. Yakobus kó tirẹ̀, ó fi kọ́ ilé ìtajà. Àwọn àgbà ìjọ kó tiwọn, wọ́n fi tún ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ èbúté kó èyí tó pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ, ó sì fọ́ àpáta iyùn abẹ́ omi, níbi tí ẹja ń sá pamọ́ sí, ó dà á sí ìpìlẹ̀. Marselina pàápàá ní kí ọkọ òun má gbàgbé ilé ìdáná, pé ó há jù.

Ohun tí Gaspar fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò. Ó lọ wá àwo ìgbọ̀nsẹ̀ oníjòkòó kan rà ní Larantuka, aláwọ̀ òdòdó, tó ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì jókòó lé e lórí títí wọ́n fi délé, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọ́ ọ. Gbogbo abúlé tò wá wò ó. Kò jẹ́ kí ẹnì kankan lò ó.

Àwọn àlejò dé lóòótọ́. Delfina, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kàwé ní ìlú Kupang, ló ń ṣe ògbufọ̀. Gaspar a wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, a dúró lórí èbúté, a sì kí wọn káàbọ̀ lédè tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ràn ẹja yíyan wa, wọ́n fẹ́ràn àgbàdo tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ lásán mú látinú ìkòkò gbígbóná, tí wọ́n ń fi òkúta lù pẹlẹbẹ. Àlejò ọkùnrin kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lu tòun. Inú garawa omi ló ki ìka bọ̀ títí alẹ́ fi lẹ́, ó sì ń bi Marselina pé ṣé àwọn obìnrin ibí kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan wá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ó mú ìwé ìpolówó abúlé wa lọ́wọ́. Àwòrán ìjàpá òkun ńlá kan wà lára rẹ̀, tó ń wọ́ gun orí iyanrìn lọ yé ẹyin. Ìyá náà ti dúró títí, kò rí ìjàpá kankan.

Delfina ní, "Bàbá, ìyá yìí ní níbo ni àwọn ìjàpá wà."

Gaspar fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Sọ fún wọn pé wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó."

Delfina kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ìyá náà ronú díẹ̀, ó sì dá a lóhùn, Delfina sì tún túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀:

"Wọ́n ní ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó náà máa parí, kí àwọn lè sún ọjọ́ ìpadàsílé àwọn síwájú."

Gaspar rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ ṣẹ́ igi ìdáná.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ibi tí ìjàpá fẹ́ yé ẹyin sí mọ́. Iyanrìn ti fà sẹ́yìn. Èbúté tuntun tí wọ́n mọ bí odi gbọọrọ wọnú omi ti dí ọ̀nà ìṣàn òkun, iyanrìn tó máa ń wọ́ wá sọ́dọ̀ wa sì ń kó jọ sí apá kejì níbi tí kò wúlò fún ẹnì kankan. Èyí tó kù lọ́dọ̀ wa, àwa náà ti kó o. Marselina kò kígbe pe ọkọ rẹ̀ mọ́ bí oúnjẹ bá jinná. Ohùn tó fi ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ ti tó.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì ìwọ̀-oòrùn dé. Ọjọ́ Ìsinmi ni, gbogbo wa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pater Donatus, àlùfáà wa, ń wàásù nípa ilé tí òmùgọ̀ ènìyàn kọ́ sórí iyanrìn, ẹ̀rí ọkàn mi kò sì jẹ́ kí n sọ pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ yan ẹsẹ Bíbélì náà. Òkun ń bú bí kìnnìún. Nígbà tó yá, a kò gbọ́ oníwàásù mọ́, òun náà sì pa ìwé dé. Nígbà tí a sáré jáde, ìgbì ti wú igi àgbọn bíi mélòó kan tegbòtegbò, ó ti wó ọ̀kan nínú àwọn yàrá àlejò Gaspar, ó sì ti gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ lọ pátápátá.

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a rí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ aláwọ̀ òdòdó náà lọ́nà jíjìn nínú òkun. Ó jókòó ṣánṣán lórí àpáta bí ọba, kò fọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú rẹ̀.

Yakobus wò ó títí. "Gaspar," ó ní, "o kú oríire o. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ kọ́ ṣalángá fún ẹja."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, Gaspar kò bá wọn rín in. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan kò yọjú síta. Bí Yakobus bá kan ilẹ̀kùn, Marselina a ní ó ń sùn. Yakobus a fi ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a sì máa lọ, torí ojú ń tì í pé ẹnu òun ti mú jù.

Nígbà tí Gaspar yóò fi jáde, ìbínú ló bá jáde. Ó ní àwọn òyìnbó ló fa gbogbo rẹ̀, pé èbúté wọn ló gbé etíkun wa mì. Nígbà tí a gbọ́ pé Ibu Widuri àti Henrik ń padà bọ̀ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó fi ọ̀sẹ̀ kan múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ewúrẹ́ ilé rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún, ewúrẹ́ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há a sórí.

Ìpàdé pé. Gaspar dìde. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí a má ba nǹkan jẹ́! Ẹ̀yin náà lẹ wá fi òkúta dí òkun lọ́nà! Ọ̀rẹ́ wo ni yóò mú ẹ̀bùn wá fúnni, tí yóò wá gbé ẹnu ọ̀nà onílé lọ?"

Àwọn èèyàn kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibu Widuri kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Henrik dìde, orí rẹ̀ gbá ẹ̀ka, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Òótọ́ ni bàbá ń sọ," ó ní. "Orí òpó ló yẹ kí èbúté yẹn dúró sí, kí omi lè máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Wọ́n ní òkúta á tètè parí, kí àwọn ọ̀gá lè wá ṣí i kí ọdún tó yí. A gbà fún wọn. Kò yẹ ká gbà."

Kò sẹ́ni tó retí pé yóò jẹ́wọ́. Gaspar tó ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu kò wá mọ ibi tí yóò kọjú rẹ̀ sí mọ́. Bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni Marselina dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èbúté ti mú tiẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa. Ilé ta ni a ó wó níbí tí ìkarahun kò ní jábọ́ látinú ògiri ẹ̀? Ilé ìdáná mi, èmi ni mo ní kó fẹ̀ sí i. Yakobus ńkọ́? Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Òyìnbó ti sọ tiẹ̀. Ó ku tiwa."

Yakobus wolẹ̀. Pater Donatus náà wolẹ̀. Gaspar wo ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, lẹ́yìn náà ló wò ó lọ́nà mìíràn, ó sì rọra jókòó.

Ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà mú òfin àtijọ́ kan padà, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń ti òkun pa fún ìgbà kan kí ẹja lè pọ̀ sí i. Wọ́n ní àpáta iyùn iwájú abúlé ti di èèwọ̀: kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé iyanrìn létíkun, ì báà jẹ́ ẹ̀kún ọwọ́. Henrik àti Ibu Widuri náà ṣèlérí pé wọn yóò la èbúté náà sáàrin, wọn yóò fi afárá onípákó sí i kí omi lè ráyè kọjá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, torí pé ìwé ní láti kọ́kọ́ yí orílẹ̀-èdè mẹ́ta ká, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Olórí àwọn àgbà wá béèrè pé, "Ta ni yóò máa ṣọ́ èèwọ̀ yìí?"

Gbogbo ojú rọra yí sọ́dọ̀ Gaspar. Ó jókòó pa, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Nígbà tí ó sú u, ó ní, "Kí lẹ̀ ń wò mí fún? Ó dáa, èmi ni. Ẹ yéé wò mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló wó àwọn yàrá tó ṣẹ́kù. Ní ìkọlù àkọ́kọ́, odidi ìkarahun funfun kan jábọ́ látàárín búlọ́ọ̀kù, ó sì yí wá síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Gaspar mú un, ó fi àtàǹpàkò nu ún, ó jókòó lórí òkúta, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Marselina gbé omi wá fún un. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri ilé ìdáná tirẹ̀. Nígbà tí Yakobus gbọ́ ariwo, ó mú òòlù tirẹ̀ dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kó àwókù náà lọ sókè, wọ́n fi tẹ́ ìdí àgbá omi. Ọparun ni wọ́n wá fi kọ́ yàrá tuntun, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Eku sì wà níbẹ̀ o. Àlejò kò ṣàròyé.

Bí ẹ bá rò pé Gaspar ti yíwà padà nígbà náà, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bí ó ṣe ń sáré kó iyanrìn tẹ́lẹ̀ náà ló ń sáré ṣọ́ ọ. Ó ń lé àwọn ọmọdé pé kí wọ́n gbọn bàtà wọn kí wọ́n tó kúrò létíkun. Ó ń ní kí àwọn àlejò gbọn aṣọ ìnura wọn. Ó mú arákùnrin kan láti ìlú, ó ní kó tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, ìkarahun wẹ́wẹ́ méjì ló bá níbẹ̀, ó sì bá a wí bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Abúlé ní ìgbà tí ó ń ba etíkun jẹ́ sàn díẹ̀, torí pé a máa ń rí àyè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì, Pater Donatus sọ̀ kalẹ̀ wá sétíkun pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

"Pater, ẹ káàárọ̀ o. Kí ni garawa ń wá?"

"Díẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ bù, Ama Gaspar. Fún ibùjẹ ẹran Jésù Ọmọdé. Ọdọọdún la máa ń tẹ́ iyanrìn sí i."

"Ọdọọdún ìgbà yẹn nìyẹn."

"Ọmọ Ọlọ́run ni mo fẹ́ fi tẹ́ ibùsùn fún!"

"Mo gbọ́, Pater. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì tí ẹ kà fún wa, koríko ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Koríko pọ̀ lẹ́yìn ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n gé e wá fún yín."

Pater Donatus wò ó, ó wo garawa rẹ̀, ó sì yí padà pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí òkè, a rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń rín. Koríko ló wà ní ibùjẹ ẹran lọ́dún náà. Lóru Kérésìmesì, àlùfáà sọ fún gbogbo ìjọ pé bí Hẹ́rọ́dù bá bá Gaspar Boli lẹ́nu ibodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ ì bá parí sí. Gaspar na ọrùn sókè bí àkùkọ títí ìsìn fi parí.

Etíkun kò tíì padà sí bó ṣe wà. Àwọn kan ní kò ní padà sí i láé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí omi ti ń gba àárín èbúté kọjá, òkun ń dá díẹ̀díẹ̀ padà fún wa, bí ìyàwó tó bínú lọ sílé bàbá rẹ̀ tó ń kọ́kọ́ rán àpótí rẹ̀ padà. Ẹja ti pọ̀ lẹ́bàá àpáta. Delfina àti ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe ìtọ́jú yàrá àlejò báyìí. Owó tó ń wọlé kò tó ti ìgbà kìíní, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọ́n wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí èèwọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí gbogbo abúlé lè pẹja, Gaspar àti Marselina jọ jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń yan ẹja. Oòrùn ń wọ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo nínú omi. Gaspar kò sọ nǹkan kan fún ìgbà tó pẹ́, ìyẹn sì ba Marselina lẹ́rù.

"Bàbá Delfina, ṣé ẹkún lò ń sun ni?"

"Èéfín ẹja ni."

Marselina wo iná. Afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín náà lọ sí apá kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Èéfín yìí ti pọ̀ jù." Ó sún mọ́ ọn, ó ya ikùn ẹja tó lọ́ràá jù, ó sì fi í sí i lọ́wọ́.